Ìlú Wo Ni Ó Fi Àṣà àti Ìgbafẹ́ Tayọ ní Ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà?

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan tí ó ń gbé ní Houston sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Akọ̀wé ni ó pè mí pé kí n wá parí iyàn tí a kò parí ní ọdún tí ó kọjá. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, bí a ti jókòó ti àmàlà, àbúrò wa kan tí ó ń gbé ní Atlanta wí pé kò sí ìlú tí ó tó tiwọn ní gbogbo ìhà gúúsù Amẹ́ríkà bí ó bá kan ọ̀rọ̀ àṣà àti fàájì. Ẹni tí ó ti Nashville wá dá a lóhùn, ẹni tí ó ti Memphis wá kò gbà fún àwọn méjèèjì. Ìyá wa kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ́ ní New Orleans kò tilẹ̀ bá wọn jiyàn rárá. Ẹ̀rín ni ó ń rín. Àmàlà tutù, ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò sì sí ẹni tí ó gbà fún ẹnì kejì rẹ̀.

Nítorí ẹ̀yin ará ilé, ó yẹ kí n sọ pé nígbà tí mo bá wí pé gúúsù, kì í ṣe ilẹ̀ Bràsíìlì ni mo ń wí. Àwọn ìpínlẹ̀ ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni mo ní lọ́kàn, bí Louisiana, Tennessee, Georgia, Texas àti South Carolina, níbi tí wọ́n ti mú àwọn ènìyàn dúdú sìn ní oko òwú, oko ìrẹsì àti oko ìrèké títí ogun abẹ́lé wọn fi parí ní ọdún 1865. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Mo ti dé àwọn oko wọ̀nyí. Ẹ sì fi sọ́kàn pé Houston ni mo ń gbé, kí ẹ lè mọ̀ bí mo bá ń gbè sẹ́yìn ilé mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti Atlanta, nítorí pé àwọn ni ó bẹ̀rẹ̀ iyàn. Ta ni nínú wa tí ó lè gbàgbé ọdún 1996, nígbà tí Chioma Ajunwa fò jìnnà ju gbogbo obìnrin ayé lọ ní ìlú náà, tí àwọn ọmọ wa sì gba góòlù bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Argentina pẹ̀lú àmì ayò mẹ́ta sí méjì? (Ní tòótọ́, Athens ni wọ́n ti gbá ìdíje àṣekágbá yẹn, kì í ṣe Atlanta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò wa ti gbà á mọ́ tiwọn.) Níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Morehouse àti Spelman wà, níbẹ̀ ni àwòrán ńláńlá tí Hale Woodruff yà sára ògiri ní Clark Atlanta wà, tí ó fi sọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ènìyàn dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni a bí Martin Luther King sí ní ọdún 1929. Ìlú tí ó lówó ni, ìlú tí igi pọ̀ sí ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Atlanta yára láti wó ohun tí ó bá ti gbó. Àdúgbò Auburn, níbi tí àwọn oníṣòwò dúdú ti ṣe ọrọ̀ nígbà kan, òpópónà mọ́tò gba àárín rẹ̀ kọjá ó sì pín in sí méjì.

Nashville ni ìlú orin, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí a gbàgbé. Ilé Ryman tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1892 fún ìsìn ni ó di ilé orin Grand Ole Opry láti ọdún 1943 títí di ọdún 1974. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi dúró pẹ́ jù lọ ní Nashville kì í ṣe Ryman, bí kò ṣe ilé ẹ̀kọ́ Fisk. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1866 fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, kò sì pẹ́ tí gbèsè fi fẹ́ tì í pa. Ní ọdún 1871, ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbéra, tí púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ẹrú rí, wọ́n ń kọ orin láti ìlú dé ìlú. Wọ́n kọ orin tí àwọn òbí wọn ń kọ lóko. Wọ́n mú $20,000 padà wá, wọ́n sì kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria ní ọdún 1873. Owó orin ni wọ́n fi kọ́ ilé ńlá Jubilee Hall, ó sì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú, ẹ ronú sí i: ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án, ohùn ẹnu wọn nìkan!

Ṣùgbọ́n ìlú Nashville yìí kan náà, ní ọdún 1961, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dúdú lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní ọgbà Centennial pé àwọn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ìjọba ìlú ti gbogbo adágún rẹ̀ pa pátápátá. Wọ́n gbà kí àwọn ọmọ funfun náà máa làágùn nínú ooru ju kí àwọn ọmọ dúdú bá wọn wọ omi lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi lè ka iye ọgbà tí ìlú ní kí n sì fi dájọ́. Mo gbọ́dọ̀ béèrè pé ta ni a kọ́ ọ fún.

Bí ó ti rí ní Memphis náà nìyẹn. A mọ̀ pé W. C. Handy tẹ orin rẹ̀ kan jáde ní ọdún 1912 tí ó mú kí gbogbo ayé gbọ́ irú orin arò tí wọ́n ń pè ní blues. A mọ Sun, níbi tí Elvis Presley ti gba orin sílẹ̀ ní ọdún 1954, a mọ Stax àti Otis Redding. Ẹni tí ó bá sì dé Lorraine, ilé ìtura tí wọ́n ti pa King ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968, yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Robert Church ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Wọ́n bí i sí oko ẹrú ní ọdún 1839, ó sì di olówó. Nígbà tí kò sí ọgbà ìgbafẹ́ kan fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Memphis, ó ra ilẹ̀ ní òpópónà Beale, ó ṣe ọgbà sí i, ó sì kọ́ gbọ̀ngàn kan tí ó lè gba 2,000 ènìyàn ní ọdún 1899. Ní ọdún 1963 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ fún Memphis pé kí ó ṣí àwọn ọgbà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìfi falẹ̀ mọ́.

Ti Charleston àti etí òkun South Carolina kò ní pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí pé a ti sọ ọ́ ní ìpàdé mìíràn. Àwọn ènìyàn Gullah ṣì ń hun agbọ̀n koríko níbẹ̀ bí àwọn bàbá wọn ti ń hun ún. Ọ̀mọ̀wé Lorenzo Turner gbọ́ orúkọ Yorùbá lẹ́nu wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1949. Níbẹ̀ ni ìletò Ọ̀yọ́túnjí wà láti ọdún 1970, tí Ọba Adéfúnmi, ọmọ Detroit, tẹ̀ dó. Ó dùn mí láti sọ pé èmi tí a bí sílé kò mọ ìdajì oríkì tí mo gbọ́ níbẹ̀.

Nísinsìnyí, New Orleans. Àwọn Faransé tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1718, ó bọ́ sọ́wọ́ Spéènì, ó padà sọ́wọ́ Faransé, Napoleon sì tà á fún Amẹ́ríkà mọ́ gbogbo ilẹ̀ Louisiana ní ọdún 1803. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ẹrú a máa péjọ sí ìta gbangba kan lẹ́yìn ìlú, wọn a tajà, wọn a lu ìlù, olúkúlùkù a jó ijó ilẹ̀ tí wọ́n ti mú un wá. Ní ọdún 1817 ìjọba ìlú pàṣẹ pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n lè máa jó sí, ìta yẹn, tí a ń pè ní Congo Square, sì ni ibi náà. Wọ́n rò pé àwọn ń dí ohun kan mọ́lé ni. Ìlù tí wọ́n ń lù níbẹ̀ kò kú. Ó wà nínú ẹsẹ̀ orin jásì tí ìlú náà bí, ìlú tí wọ́n bí Louis Armstrong sí ní ọdún 1901.

Ohun tí ó mú kí n fi New Orleans ṣe àkọ́kọ́ ni pé àwọn aráàlú fúnra wọn ni òṣèré. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àti afẹ́, tí ó dà bí ẹgbẹ́ wa gẹ́lẹ́: ẹ ń dá owó, bí ẹnì kan bá ṣàìsàn ẹgbẹ́ a tọ́jú rẹ̀, bí ó bá kú ẹgbẹ́ a sin ín. Bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ, àwọn onífèrè a máa fun orin ìbànújẹ́ lọ́nà. Bí wọ́n bá ti sin ín tán, orin a yí padà, ijó a bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá lè tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú áńkáṣíìfù àti agbòòrùn rẹ̀; àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn yìí ni wọ́n ń pè ní ìlà kejì. Kò sí ẹni tí yóò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ. Ẹgbẹ́ Zulu ti ń jáde láti ọdún 1909, wọ́n sì ń fi àgbọn tí wọ́n kùn ta òǹwòran lọ́rẹ. Àwọn kan sì wà, ọkùnrin dúdú tí ń múra bí àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gún ìlẹ̀kẹ̀ àti ìyẹ́ mọ́ aṣọ láti ọdún dé ọdún. Aṣọ ọdún tí ó kọjá, wọn kì í gbé e jáde mọ́. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí wọn ní ìta, ojúde ìlú rẹ̀ ni yóò rántí.

Ní ọdún 2005, ìjì Katrina dé, omi sì bo ohun tí ó ju ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà lọ. Púpọ̀ nínú wọn sá wá sọ́dọ̀ wa ní Houston. Ọkùnrin kan wà ní ilé tí ó kángun sí tèmi, yàrá kan ni wọ́n fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní alẹ́, mo máa ń rí i lójú fèrèsé, ó ń gún ìlẹ̀kẹ̀. Mo bi í pé kí ni ó ń ṣe. Ó ní òun ní láti jáde ní ọdún tí ń bọ̀. N kò ní ìdáhùn. Kò ní ilé, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí òun yóò jáde, ó sì padà lọ jáde ní ọdún 2006.

N kò sọ pé ìlú náà kò ní àbùkù. Ní ọdún 1966, wọ́n gé àwọn igi óòkù ńláńlá tí ó wà ní òpópónà Claiborne, níbi tí àwọn ìdílé dúdú ti máa ń jókòó jẹun ní ọjọ́ àjọ̀dún, wọ́n sì gbé afárá mọ́tò sí orí ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń péjọ síbẹ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún, lábẹ́ afárá, nínú èéfín. Mo ti jókòó níbẹ̀. Kò sí ìjọba kan tí ó lè dá òjìji àwọn igi yẹn padà.

Nítorí náà, Alàgbà Alága, New Orleans ni mo dájọ́ fún, kí ìyá wa nọ́ọ̀sì máa rín ẹ̀rín rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ pé Houston ni mo ń gbé, n kò sì ní jókòó láìmẹ́nu kan ohun kan níbẹ̀. Ní ọdún 1872, àwọn tí ó bọ́ lóko ẹrú, tí Jack Yates, oníwàásù, wà níwájú wọn, dá owó jọ wọ́n sì ra ilẹ̀ éékà 10. Wọn kò kọ́ ilé ìtajà sí i. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí wọ́n lè máa rí ibi ṣe àjọ̀dún ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí ìròyìn òmìnira dé Texas. Emancipation Park ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ti gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ìwé tí ẹ̀ka ilé kọ sí wa wà lórí tábìlì yìí, tí ó sọ pé kí a fi pápá ojúde Ọba kọ́ ìsọ̀ ọgọ́ta, kí owó lè máa wọlé fún ẹgbẹ́. Mo mọ̀ pé owó ṣòro, n kò sì fi ojú tín-ín-rín wo àwọn tí ó kọ ìwé náà. Àwọn ni wọ́n ń gbé ilé, àwa ń gbé òkèèrè ni a ń fẹnu sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n pápá yẹn ni egúngún wa ń jáde sí, níbẹ̀ ni ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, níbẹ̀ ni wọ́n ti kí mi pé ó dàbọ̀ ní ọjọ́ tí mo ń lọ. Ilẹ̀ mìíràn wà lẹ́bàá ọjà tuntun tí ó lè gba ìsọ̀. Àwa mẹ́rìnlá tí ó wà ní Houston ti dá owó tí a óò fi sanwó fún ẹni tí yóò wọn pápá náà, tí a óò sì fi kọ ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ gbogbo ìlú. Owó náà wà lọ́wọ́ Akápò láti àárọ̀ yìí. Mo bẹ ìpàdé kí ó dá ìbò lórí ìwé ẹ̀ka ilé dúró di ọjọ́ tí a bá wọn ilẹ̀ náà tán, kí Akọ̀wé sì fi èsì ránṣẹ́ sílé lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹni Atlanta ti nawọ́ sókè. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ.