Yinni Yinni, Kẹ́ni Lè Ṣe Mìíràn: Ọ̀rọ̀ Ìrántí Lórí Twins Seven-Seven

  

Wọ́n ní kí á sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fi iṣẹ́ ọwọ́ àti orin ṣayé. Ọkàn wa kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ligali Mukaiba, ọmọ Ẹ̀pẹ́ wa, tí àpàlà rẹ̀ dùn mọ́ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ti Ligali á ní ọjọ́ tirẹ̀. Lónìí, ẹni tó fi pákó ṣiṣẹ́, tó sì ń jó bó ṣe ń ṣe é, ni a fẹ́ rántí.

Ọdún 1944 ni wọ́n bí Táíwò Ọláníyì Ọṣúntokí ní Ògìdì, ní ìpínlẹ̀ Kogí òde òní. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìgbà méje ni ìyá òun bí ìbejì, pé òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni ó ti mú orúkọ Twins Seven-Seven.

Ijó ló gbé e dé Òṣogbo ní ọdún 1964. Ó ń jó fún ẹnì kan tó ń kiri òògùn, kí èrò lè pé lé wọn lórí. Ó wọ ibi àríyá kan ní Mbari Mbayo, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ti ń kó àwọn òṣèré àti ayàwòrán jọ, ijó rẹ̀ sì gba ojú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní kó má lọ mọ́. Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ó sì gbà á mọ́ wọn. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Jímọ̀ Bùráímọ̀, Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé ti jáde.

Yíǹkì ni ó fi ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sórí pákó fẹ́lẹ́ tí àwọn káfíńtà ń pè ní plywood. Nígbà tó yá, ó ń gé pákó náà, ó ń lẹ ọ̀kan mọ́ orí èkejì, títí àwòrán á fi yọ síta bí ère. Iwin, ẹranko àti àwọn ará inú odò ló kún ibẹ̀. Orin kò sì fi í sílẹ̀: ó ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, ó ń kọrin, ó ń jó, kò sì sí ẹni tó lè fi í sínú àpótí kan.

Ní ọdún 1989, iṣẹ́ rẹ̀ dé Paris, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n pè ní Magiciens de la Terre. Síbẹ̀, nígbà tó ń gbé ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, nǹkan le fún un débi pé ó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ọkùnrin tí ayé ń wo iṣẹ́ rẹ̀ ló wá ń wo mọ́tò ẹlòmíràn. Ní ọdún 2005, UNESCO sọ ọ́ di Òṣèré fún Àlàáfíà. Ó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ọdún 2011.

Ẹ jẹ́ kí á wá bá ara wa sọ òótọ́. Àwa náà ní káfíńtà tiwa nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ mọ ẹni tí à ń wí. Òun ló kan àga tí a fi ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Bó bá ń fa ayùn, á máa kọ àpàlà. Bí orin bá sì wọ̀ ọ́ lára, ayùn á dúró, oníṣẹ́ á máa retí. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé àga rẹ̀ kì í tètè parí. Nígbà tó ṣàìsàn, a ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì lórí owó tí a ó gbé fún un. A kò tíì fẹnu kò tó fi lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, a wọ aṣọ kan náà, a pa màlúù. Orí àga tó kàn ni a jókòó sí láti jẹun.

Àwọn àgbà ní yinni yinni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn. Òkú kì í gbọ́ ìyìn. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín pé kí ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọdún kọkànlá. Kí owó àìsàn wà nílẹ̀, tí a kò ní ṣèpàdé kí á tó fún ẹni tó nílò rẹ̀. Kí iṣẹ́ igi, ìlù àti orin wa kọ́kọ́ kan àwọn tó wà láàárín wa. Kí á sì san owó wọn pé, láìní wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì dá àwa tó kù sí. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.