Ẹ Jẹ́ Kí A Rántí Àwọn Ọmọ Ìyá Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọ̀nà tàbí ti omi ẹ̀rọ. Ní ọdún 1943, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oníṣègùn kan, Leo Kanner, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí wọn kì í fẹ́ bá ènìyàn da nǹkan pọ̀, tí àwọn kan nínú wọn kò sì fọhùn rárá. Ohun tí ó ṣe wọ́n ni à ń pè ní autism. Láàárín wa, emèrè ni a ti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a sì ti fi ẹ̀sùn kan ìyá rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà ni ó yàtọ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ilé bá ń sáré kiri nítorí ọmọ yìí, ta ni ń wo àbúrò rẹ̀? A mọ ọmọbìnrin kan ní ìlú yìí, ọmọ ọdún 10. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kì í sọ̀rọ̀. Bí ìyá wọn bá lọ sí ọjà, òun ni í jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ̀gbọ́n má baà sá bọ́ sí títì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré, òun ń ṣọ́nà. Ní ọjọ́ kan ó béèrè pé, “Ìyá, ìgbà wo ni ó máa kan èmi náà?” Ó ti rò pé bí òun bá tó ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́ orí, ohùn òun náà yóò lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un. Kí a má purọ́, àwa pàápàá, ẹ̀gbọ́n nìkan ni a máa ń ra búrẹ́dì fún bí a bá yà sí ilé wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí yóò yé ọmọdé ṣàlàyé. Bí ó bá ní ojú ń ti òun, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ya àkókò sọ́tọ̀ fún òun nìkan, ìbáà ṣe ìgbà tí ẹ bá ń di irun rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní eré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn, kí ó lè máa bá a ṣeré, kí ó má kàn máa ṣọ́ ọ.

Ìjọba Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2011. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ìyá kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ ọjà. Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí máa kó irú àwọn àbúrò bẹ́ẹ̀ jọ ní Sátidé kan lóṣù, kí wọn ṣeré, kí wọn sì bá ara wọn sọ ohun tí wọn kò lè sọ nílé, nígbà tí àwa àgbà bá ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún àwọn tí yóò ràn wá lọ́wọ́. Orúkọ tiwa ni ó wà lókè.