Ọ̀já Ìkookò àti Ìbátan Rẹ̀ Inú Aṣálẹ̀

Ibi tí ewéko ń gbé ni ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe yè.

Ilẹ̀ gbígbẹ Mẹ́síkò ni agave ńlá ti ṣẹ̀ wá. Òjò kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ewé rẹ̀ nípọn, ó kún fún omi, ara rẹ̀ sì ń dán bí ohun tí a fi ìda pa. Lọ́sàn-án, á pa ihò wẹ́wẹ́ tí ó fi ń mí dé. Òru ni ó ń ṣí wọn. Lẹ́yìn ọdún 10 sí 30, á tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì kú. Àwọn ọmọ tí ó yọ ní ìdí rẹ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀.

Ará Ìjìó ní Òkè-Ògùn kò níláti dé Mẹ́síkò kí ó tó rí irú ọgbọ́n yìí. Ọ̀já ìkookò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sansevieria, ìbátan agave ni. Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ti kà á mọ́ ìran Dracaena, níbi tí pèrègún wà. Ewé rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó sì ní àdìkálà bí ọ̀já ìpọnmọ. Bí ọyẹ́ bá dé, tí koríko ọ̀dàn gbẹ, omi inú ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ ni yóò fi dúró de òjò.

Okùn líle wà nínú ewé àwọn méjèèjì. Ní 1893, àwọn ará Jámánì gbin irú agave kan, sisal, sí Tanganyika. Ó di ọjà ńlá. Ọ̀já ìkookò di èpò lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ewu ibẹ̀ nìyí: bí a ti ń gé igi ọ̀dàn fún èédú, tí a sì ń jó ìgbẹ́, abẹ́ igi tí ewéko yìí ń gbé ń tán lọ. Bí ibùgbé bá parẹ́, orúkọ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ agave inú ìwé, tí kò mọ ọ̀já ìkookò ẹ̀yìnkùlé, ilé onílé ni ó mọ̀.

Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ jáde. Kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè orúkọ rẹ̀ àti ìlò rẹ̀. Kí wọ́n gé ewé kan sí wẹ́wẹ́, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n rì í sínú iyanrìn, kí wọ́n sì ní sùúrù. Yóò hù.