Owó Tí A Fi Ń Yọ Bọ́ǹbù Abẹ́ Ilẹ̀: Iṣẹ́ Àbọ̀ Kò Gba Ẹnikẹ́ni Là
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa)

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ní kí a sọ lónìí. A rí i lójú àwọn kan pé wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú èyí. Ẹ fara balẹ̀, a óò débẹ̀.

Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ kì í mọ̀ pé ogun ti parí. Ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ lè ti kú, àwọn ọ̀gágun lè ti bọ ara wọn lọ́wọ́, òun ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí, ó ń dúró de ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ni, tàbí ti ọmọ tó lọ pọnmi. Ní àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé dọ́là 3 lè ṣe irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àtiyọ ọ́ kúrò nílẹ̀ lè ná ni ní dọ́là 300 sí 1,000. Ẹni tí ń wá a ní láti kúnlẹ̀, kí ó máa fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ké, ìṣó lásán lè ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wa ilẹ̀ náà wò. Orílẹ̀-èdè tí ogun ti sọ di aláìní kò lè dá irú owó bẹ́ẹ̀ san. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ fi ń dá a.

Ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè méjì tó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọdún kan náà, 1975, tí ogun abẹ́lé sì jà nínú méjèèjì.

Ní Mòsáḿbíìkì, ogun parí ní 1992. Bọ́ǹbù wà nídìí afárá, lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè àti lábẹ́ òpó iná. Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Norway àtàwọn mìíràn dá owó, wọn kò sì káwọ́ kúrò. Ẹgbẹ́ HALO Trust ti Ìlú Ọba níbí nìkan yọ ju 171,000 bọ́ǹbù lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: òkété pàápàá bá wọn ṣe é! Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ òkété ní Morogoro, ní Tànsáníà, láti fi imú gbọ́ òórùn ẹ̀tù inú bọ́ǹbù. Ara rẹ̀ fúyẹ́, bọ́ǹbù kì í bú mọ́ ọn. Ní oṣù September 2015, ìjọba Mòsáḿbíìkì kéde pé wọ́n ti yọ gbogbo bọ́ǹbù tí wọ́n mọ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó yẹ iṣẹ́ náà wò rí i pé ibi tí èrè rẹ̀ ti pọ̀ jù ni títì, ọ̀nà rélùwéè àti ìlú ọlọ́jà, nítorí bí ọ̀nà kan bá là, ìlú púpọ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Ní Àngólà, ogun kò tán títí di 2002. Ní oṣù January 1997, Ọmọbabìnrin Diana wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò, ó rìn ní pápá bọ́ǹbù ní Huambo, gbogbo ayé rí i. Ní December ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Ottawa láti fòfin de bọ́ǹbù náà. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ànjọ̀fẹ́. Ànjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Nígbà tó ṣe, owó ìrànwọ́ dínkù gidigidi. Níbi tí Diana ti rìn, òpópónà tó ní ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọmọ rẹ̀, Harry, fojú ara rẹ̀ rí i ní 2019. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé mìíràn, bọ́ǹbù ṣì wà nílẹ̀. Ní 2019 náà ni ìjọba Àngólà ṣèlérí dọ́là mílíọ̀nù 60 láti inú àpò ara rẹ̀.

Ẹ rántí kànga ẹ̀rọ tí àwa fúnra wa bẹ̀rẹ̀ nílé. Owó tán kí ó tó kan ẹ̀rọ tí ń fa omi, kànga sì wà níbẹ̀ lásán fún ọdún mẹ́ta. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni. Bí a bá pa pápá bọ́ǹbù tì ní àbọ̀, ikú ni. Ní January 2025, ìjọba Amẹ́ríkà, tó ti ń dá owó jù lọ fún iṣẹ́ yìí láti ọdún pípẹ́, dá ìrànwọ́ òkèèrè dúró. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Bọ́ǹbù kò bá wọn sinmi.

Ó wá kù síbi tí ó ti kàn wá. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn Ottawa ní 2001. Ní 2011, ìjọba kéde pé bọ́ǹbù tí ogun 1967 sí 1970 fi sílẹ̀ ti tán. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Boko Haram bẹ̀rẹ̀ sí í rì tiwọn, tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, sí ojú ọ̀nà àti oko ní Borno. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà tí àwọn ènìyàn wa ń jẹ nílé, òkè Ọya ló ti ń wá. Bí àgbẹ̀ ibẹ̀ bá ń bẹ̀rù oko rẹ̀, ebi náà yóò dé Ìbàdàn.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó orí níbí, owó yín wà nínú ìrànwọ́ yìí. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín, kí ẹ bi í léèrè: èló ni ìjọba yóò dá, títí di ọdún wo? Ìbéèrè kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má sì jẹ́ kí Àbújá sinmi. Onílé ló yẹ kí ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí iná tó ń jó ilé rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ náà má tú ká kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹsẹ̀ wa kò ní kọ ibi. Àṣẹ.