Nígbà Tí Kámẹ́rà Bá Sú Ni

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbé kámẹ́rà. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, gbogbo rẹ̀ ni mo ti yà. Nígbà tó yá, ó sú mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kámẹ́rà fi wà nínú báàgì. Mo tiẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ ra lẹ́ńsì mi. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ wá gbé e.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, mo gba Àgbádárìgì lọ, mo ní kí n yà á ní àyàkẹ́yìn. Mo ya ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, mo rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà, mo ya ẹnubodè tó wà létí òkun. Nígbà tí mo wo àwọn fọ́tò náà, kò sí èyí tí ẹ ò tíì rí rí níbẹ̀. Kò sí ojú tèmi nínú wọn.

Mo jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Níwájú mi, àwọn apẹja tò ní ìlà méjì, wọ́n ń fa àwọ̀n bọ̀ láti inú òkun, wọ́n ń kọrin lédè Ègùn. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sókè, bàbá kan ní, "Ọmọ mi, gbogbo ẹni tó bá wá síbí ló ń yà wá. A kì í rí fọ́tò náà. Gbé e sílẹ̀, wá bá wa fa okùn."

Mo gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí okùn fi bó mi lọ́wọ́! Mo wo ọwọ́ bàbá yẹn, mo rí i pé okùn ti kọlà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya ọwọ́ yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ nìkan?"

Ọwọ́ nìkan ni mo yà títí oòrùn fi wọ̀, ọwọ́ èèyàn mẹ́tàdínlógún.

Ìgbà yẹn ni mo rántí J.D. 'Okhai Ojeikere. Láti 1968 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù láti ẹ̀yìn, fọ́tò náà sì tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ohun kan náà ni wọ́n tẹjú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi rò pé ohun tuntun ni mo nílò; àṣé mi ò wo nǹkan pẹ́ tó ni.

Mo pe ẹni tó fẹ́ ra lẹ́ńsì, mo bẹ̀ ẹ́. Owó yẹn dùn mí o, torí owó ilé ti tó san. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo tẹ àwọn fọ́tò jáde, mo gbé wọn padà sí Gberefu. Bàbá yẹ tiwọn wò títí, wọ́n wá pe ìyàwó wọn: "Wá wo ọwọ́ mi!"

Tí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn bá sú yín, ẹ má tíì ta irinṣẹ́ yín. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo ládùúgbò yín, ì báà jẹ́ ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ bàtà, kí ẹ yà á fún oṣù kan. Tó bá jẹ́ èèyàn lẹ yà, ẹ gbé fọ́tò náà padà fún un.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.