Ohun Tí Ojú Mi Rí Níbi Ọdún Ganesha ní Accra

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

 

Ẹ̀yin àgbà ní kí n wá ṣàlàyé fótò kan tí mo gbé sórí grúùpù, èyí tí àmì pupa wà níwájú orí mi. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé olùdarí ọ̀dọ́ ti ń bọ òrìṣà Íńdíà. Ẹlòmíì ní kí n fipò sílẹ̀. Màmá mi náà rí i, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n rò ó látìbẹ̀rẹ̀.

Àwa mẹ́rin tá a jọ wà ní yunifásítì la lọ. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Gánà, ló pè wá wá wo ọdún Ganesha. Mílé Tú la ti wọkọ̀, a gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé. Ti wàhálà bọ́dà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Èrò mi ni pé àwọn ará Íńdíà la máa bá níbẹ̀, irú àwọn tá a máa ń rí ní Ìlúpéjú. Irọ́ ni. Ọmọ Gánà ló kún ibẹ̀. Hindu Monastery of Africa ni wọ́n ń pe tẹ́ńpìlì náà, ó wà ní Odorkor. Ọmọ Gánà ló dá a sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Swami Ghanananda Saraswati. Bàbá náà lọ kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn ní Rishikesh ní Íńdíà, wọ́n sì sọ ọ́ di swami ní 1975. Oṣù kìíní ọdún 2016 ló kú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹ̀sìn àjèjì ni, ẹ rántí pé Àgùdà ni Yorùbá ń pe àwọn tó ti Brazil padà wálé, òun náà la ń pe ìjọ Kátólíìkì.

Ta ni Ganesha? Ara èèyàn, orí erin. Wọ́n ní Parvati, ìyá rẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, ó ní kó máa ṣọ́nà nígbà tóun bá ń wẹ̀. Shiva, ọkọ Parvati, dé, ọmọ ò jẹ́ kó wọlé. Inú bí Shiva, ó bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tí ìyá figbe ta, ó fi orí erin rọ́pò èyí tó bẹ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ganesha ló ń mú ìdènà kúrò lọ́nà, torí náà òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Kò yẹ kí ìyẹn ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹ̀yin àgbà mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún lóúnjẹ nídìí ẹbọ.

Oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ló máa ń bọ́ sí, òṣùpá ni wọ́n fi ń kà á. Ní Íńdíà, inú ilé ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, títí Bal Gangadhar Tilak fi gbé e jáde sígboro ní 1893. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ kí èèyàn kóra jọ ṣòṣèlú, ṣùgbọ́n ta ló máa tú èrò ọdún ká? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ máa ń ráhùn pé èèyàn kì í wá sípàdé, ẹ fọkàn síbẹ̀ yẹn o.

A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Òdòdó, èso, àgbọn, iná àtùpà, agogo tí ń dún. Àwọn ìyá tó wọ aṣọ bíi ti àwọn ìyá wa ń kọrin ní èdè Íńdíà láìwo ìwé. Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Wọ́n pín ìpápánu dídùn kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé síwájú Ganesha. Ọ̀kan nínú wa ní òun ò jẹ, ẹnikẹ́ni ò bínú sí i. Èmi jẹ ẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín. Bàbá tó ń fi àmì pupa sáwọn èèyàn lórí bi mí pé ṣé kóun fi sí mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ìjọ ni mí, ẹ mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlejò ni mí lọ́jọ́ náà, mo gbà á bí ìgbà tí wọ́n bu omi fún mi mu. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí n gbà á, ká jọ jókòó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, tìlù tìlù, torin torin, wọ́n gbé ère náà lọ sétí òkun. Ère tí wọ́n ti ń kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé e wọnú omi, ìgbì gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí ló dé tí wọn ò tọ́jú ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ wa ní amọ̀ ló yẹ kó jẹ́, kó lè yọ́ padà sínú omi. Wọ́n á tún mọ òmíì.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ìyá kan dúró létí omi, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń sunkún. Mo ya fótò wọn. Mi ò bèèrè. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé e sórí grúùpù pẹ̀lú tèmi, mo sì kọ àwàdà kan sábẹ́ ẹ̀ tí mi ò ní tún sọ níbí. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i dáadáa. Kò sẹ́ni tó ní kí n fipò sílẹ̀ torí ìyẹn. Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ síta, ó sì dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n màmá ẹ̀ ni ìyá náà, ọdún yẹn ni ọkọ wọn kú. Ó pè mí, ó ní, "Tó bá jẹ́ màmá tìẹ ni níbi ìsìnkú ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Mo ti yọ fótò yẹn, mo ti bẹ ìyá náà lórí fóònù, wọ́n sì ti dárí jì mí. Ọ̀rẹ́ wa ò tíì máa bá mi sọ̀rọ̀ bíi tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ síbòmíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ lónìí. Tèmi tó ní àmì pupa ṣì wà níbẹ̀, mi ò ní yọ ọ́. Tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ ká dìbò lórí ipò mi, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo dúró.