Kora: Ohun-èlò Olókùn Mọ́kànlélógún Tí Í Fi Ọkàn Balẹ̀

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orin tí í fi ọkàn balẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀bá òpópó Lọ́kọ́jà sí Àbújá ni àwa ará Felele ń gbé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ epo gbiná níhìn-ín, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, bí táńkà bá fun fèrè, àyà rẹ̀ yóò já.

Kora ni ohun-èlò tí mo mú wá síwájú yín. Ti àwọn Mandinka ni, ní Gambia, Senegal, Mali àti Guinea. Ààbọ̀ igbá ńlá ni ara rẹ̀. Wọn a fi awọ màlúù bò ó, wọn a ki ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́, wọn a ta okùn 21 sí i, 11 fún ọwọ́ òsì, 10 fún ọwọ́ ọ̀tún. Awọ ẹran ni okùn rẹ̀ láyé àtijọ́. Lóde òní, okùn ìpẹja ni, irú èyí tí àwọn apẹja etí Odò Ọya ń lò. Àtàǹpàkò méjèèjì àti ìka tí ó tẹ̀lé wọn nìkan ni a fi ń ta á, síbẹ̀ ẹni tí kò bá rí i yóò rò pé ènìyàn méjì ni ó wà nídìí rẹ̀.

Bí a ti ní ìdílé Àyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ní ìdílé jali: Diabaté, Kouyaté, Cissoko, Jobarteh. Toumani Diabaté ará Mali, tí ó kú ní 2024, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ẹ má sì wí fún mi pé orin olókùn kì í ṣe tiwa. Ta ni kò gbọ́ gòjé nínú sákárà Yusuf Olatunji rí?

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ Mandinka. Ṣùgbọ́n ní Keur Moussa ní Senegal, níbi tí àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì láti Solesmes ní ilẹ̀ Faransé tẹ̀dó sí ní àárín 1961 sí 1963, ọ̀kan nínú wọn, Dominique Catta, mú kora wọ inú ìsìn. Òun ni wọ́n fi ń gbe Orin Dáfídì, tí wọ́n sì fi ń ṣe àṣàrò. Wọ́n tilẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kora fún títà.

Ṣé ó ń wo àìsàn? Ní 2013, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 26 jọ lórí àwọn aláìsàn 2,051 tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún; wọ́n rí i pé orin lè dín ìbẹ̀rù wọn kù. Ìbẹ̀rù ni mo wí o. Dáfídì ta dùùrù fún Sọ́ọ̀lù, ara tù ú. Síbẹ̀, ọjọ́ mìíràn tí Dáfídì tún ń ta á, ọ̀kọ̀ ni Sọ́ọ̀lù jù sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí ẹ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí orin, owó yín ni ó ń wá. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò dúró lójú kan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó òní ra ohun-èlò olókùn kan. Bí kora bá ṣòro, gòjé tàbí gìtá náà dára. Kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ọ. Kí a sì ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lè wá jókòó gbọ́ ọ, láìsí pé a bi í léèrè ohunkóhun. Kí a má gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀ o. Ariwo Felele ti tó.